Ẹ Bèèrè Rẹ́jísítà Ìgbẹ̀bí Kẹ́ Ẹ Tó Wo Ògiri

Ìbéèrè: "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa ní Òkè-Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ká tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ yẹ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mẹ́ta àti ọsibítù jẹ́nẹ́rà kan wò, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n lè gba aboyún tó bá kó sínú ewu là, òun àti ọmọ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù olójú ewé 40 ni wọ́n kó fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńtà yẹn ni ìyàwó ọmọ mi bímọ sí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ lóru, kò rí ojúmọ́. Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kí ni kí n máa wò?"

Ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tu ẹ̀yin àti ọmọ yín nínú, ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín á dàgbà, á dògbó. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò.

Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí, mo sì lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò láti abúlé dé ìlú ńlá. Fọ́ọ̀mù olójú ewé 40 yẹn wúlò, ẹ má jù ú nù. Àmọ́ ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni "ṣé ó wà?" Ṣé ibùsùn wà, ṣé omi wà, ṣé abẹ́rẹ́ wà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni "ìgbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn?" Tẹ́ ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ jókòó sí yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà ìgbẹ̀bí wá, kẹ́ ẹ sì ka oṣù mẹ́ta tó kọjá láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe èmi ni mo dá oṣù mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Lọ́dún 1997, UNICEF, WHO àti UNFPA, àwọn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọmọdé, ìlera àti ọ̀rọ̀ ìbímọ, jọ gbé ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe ń wọn ìtọ́jú pàjáwìrì fún abiyamọ. Ní 2009, àwọn àti àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York tún un ṣe, wọ́n sì fi ti ọmọ tuntun kún un. Ohun tó fà á ni pé tipẹ́tipẹ́ la ti gbà pé tí a bá ń yẹ aboyún wò dáadáa nígbà tó bá ń wá síbi ìtọ́jú oyún, a ó mọ ẹni tí ìbímọ máa le fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, tó ti bí méjì wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lè ya lára òun náà lórí ọmọ kẹta. Nínú aboyún 100, bí 15 ni ìlànà yẹn ní ká máa retí pé ìṣòro ńlá lè dé bá, kò sì sí agbẹ̀bí tó lè nawọ́ sí 15 náà láàárín èrò. Ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́ de gbogbo wọn.

Wọ́n wá yan iṣẹ́ 7 tí sẹ́ńtà gbọ́dọ̀ lè ṣe. Kó lè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn, èyí tó ń mú ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àti èyí tó ń dá gìrì dúró. Kó lè fọwọ́ yọ olóbi tó kọ̀ tí kò jáde. Kó lè fa ohun tó ṣẹ́ kù sínú jáde nígbà tí oyún bá wálẹ̀. Kó lè fi fákúùmù, ẹ̀rọ tí a fi ń fa orí ọmọ jáde, ran ìyá tó ti rẹ̀ lọ́wọ́. Kó lè fi Ambu, àpò tí a ń fọwọ́ tẹ̀, fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ tí kò mí. Ọsibítù á fi 2 lé e: iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ, àti fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Níní ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún èèyàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá.

Ọwọ́ máa ń gbàgbé iṣẹ́, Ìyá wa. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ fákúùmù nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, kò ní í gbé e lóru ọjọ́ tí àyà rẹ̀ bá ń já. Nígbà tí wọ́n fi ìwọ̀n yìí wọn ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ 12 ní Nàìjíríà lọ́dún 2003, nínú 20 tó jẹ́ ti ìjọba, kò pé 1 tó yege. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn tí kò yege yẹn ní ibùsùn, kí wọ́n ní ọ̀dà lára ògiri.

Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ mọ rẹ́jísítà ju èmi lọ. Ẹ mọ èyí tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n jókòó kọ ní alẹ́ Sọ́ńdè nítorí pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ti ìgbẹ̀bí náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá bírò kan náà ló kọ gbogbo ojú ewé. Ẹ wo aago tí ọmọ wáyé: ṣé gbogbo ọmọ ìlú yín ló ń wáyé ní aago mẹ́wàá géérégé? Kí ẹ wá lọ síbi tí wọ́n ń kọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ìyá pàdánù. Mo ti ka rẹ́jísítà kan rí tí ìyá 64 tẹ̀ léra wọn, tí olúkúlùkù wọn pàdánù ẹ̀jẹ̀ mílílítà 150. Kò sẹ́ni tí tirẹ̀ jẹ́ 140, kò sẹ́ni tí tirẹ̀ jẹ́ 300. Ẹ̀jẹ̀ kì í dà bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ẹni tó kọ ọ́ kò burú o. Kò sí ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n ni, fọ́ọ̀mù sì ń béèrè nọ́ńbà, ló bá ń fi nọ́ńbà kan ṣáá sí i.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ti ìyàwó ọmọ yín wà.

Ojú kò lè wọn ẹ̀jẹ̀. Ó ń wọ inú aṣọ, ó ń gba abẹ́ ìyá lọ sínú fóòmù, ó ń dà sí bẹ́ẹ̀sìn pẹ̀lú omi ìrọbí. Tí ojú bá ní 300, ó lè ti lé ní 600, mílílítà 500 sì ni a ti ń pè é ní ewu. Lọ́dún 2023, èsì iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE jáde. Ọsibítù 80 ló kópa, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju agbára wa lọ. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá, ó ní àpò nísàlẹ̀, wọ́n fa ìlà sára àpò náà bíi ti ife ìwọ̀n. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà ewu, wọn ò ní í fún ìyá ní oògùn kan kí wọ́n máa wò ó bóyá á ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wá òmíràn. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀: wọ́n á ra ilé ọmọ láti òkè ikùn, wọ́n á fún un ní oxytocin (abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì), tranexamic acid (oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì) àti dríìpù, wọ́n á sì yẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó lágbára dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, nítorí mo rántí àwọn tí mo dúró tì, tí mò ń ṣe nǹkan wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ní sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ hàn yín. Ẹ bèèrè oxytocin. Tí wọ́n bá ní ó wà, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbi tó wà, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yín kan ìgò náà. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8. Tó bá wà lórí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa, agbára rẹ̀ ń dín kù. Nọ́ọ̀sì á fún ìyá, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dá, yóò sì rò pé ara ìyá náà ló yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà, fíríìjì àjẹsára tó ń lo sólà wà ní yàrá kejì, ó tutù nini, wọ́n sì ní ti àjẹsára nìkan ni. Ẹ bá olórí ètò àjẹsára sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fi oxytocin sínú páálí tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sára rẹ̀, kò ní í dí àjẹsára lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ yín lè yanjú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún yín. Ní ọsibítù kan tí mi ò ní í dárúkọ, a kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé magnesium sulphate wà, ìgò 40. Òun ni abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì aboyún dúró, òun náà ló ń dènà rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ga jù; ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù sí ìdajì. Lóru ọjọ́ kejì tí a wà níbẹ̀, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún wá lórí ọ̀kadà. Ìyá rẹ̀ fi ìró so ó mọ́ ara, ó há a sáàárín òun àti ọlọ́kadà. Gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó ti gé ahọ́n jẹ. Abẹ́rẹ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀mí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àárín méjèèjì kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú oògùn, onítọ̀hún sì ti lọ sílé. Ó gbà wá ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó rí i. Ọmọbìnrin náà yè. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè. Nínú fọ́ọ̀mù tiwa, "ó wà" ló ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ ṣe àyẹ̀wò pé kó lọ lóru. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ dókítà àgbà ìjọba ìbílẹ̀, kó mọ̀ pé ẹ ó lọ, ṣùgbọ́n kó má sọ ọjọ́. Ẹ lọ ní alẹ́ Sátidé, ní bí aago mọ́kànlá. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ṣé géètì ṣí? Ṣé agbẹ̀bí ló wà níbẹ̀, àbí ẹ̀ṣọ́ nìkan tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ pe nọ́ọ̀sì nílé? Tí iná bá lọ, kí ni wọ́n fi ń ríran? Mo mọ agbẹ̀bí kan tó fi eyín di fóònù rẹ̀ mú nítorí iná tọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìyá. Ẹ béèrè oògùn pàjáwìrì lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá bá lórí iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì wo aago yín. Àpótí kan yẹ kó wà ní yàrá ìgbẹ̀bí fúnra rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, ti gìrì lọ́tọ̀, tí a kì í tì. Inú ti gìrì, ẹ wò ó bóyá calcium gluconate wà níbẹ̀. Òun la fi ń gba ìyá sílẹ̀ tí magnesium bá pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹni tó ń lo magnesium lóòótọ́ kì í jìnnà sí i. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú magnesium fún alábẹ̀wò nìkan, ẹ ò ní í rí i.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Àdúrà wa fún aboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Tí a ò bá gbóhùn ọmọ, ìṣẹ́jú kan péré la ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má béèrè bóyá Ambu wà. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì gbé ọmọlángidi, kó fi hàn yín láti ìgbà tó nu ara ọmọ gbẹ títí dé ìgbà tí àyà rẹ̀ gbéra sókè. Tí kò bá sí ọmọlángidi, ẹ gba Ambu náà, ẹ fi ojú rẹ̀, ìyẹn ìbòmú tó wà lẹ́nu rẹ̀, lé àtẹ́lẹwọ́ yín kó dì í pinpin, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó tì yín lọ́wọ́ padà. Tí atẹ́gùn bá ń fọn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ya nìyẹn, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ kékeré, ti ọmọ tí kò pé oṣù, wà pẹ̀lú ti ọmọ tó pé. Ibi tó yẹ kó wà ni orí tábìlì tí ọmọ á dùbúlẹ̀ sí. Mo ti bá a nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá, tí wọn ò tíì já, ó ti pé ọdún méjì.

Nínú rẹ́jísítà, ẹ ka àwọn ọmọ tí wọ́n kọ pé wọ́n bí ní òkú. Oríṣi méjì ni. Èyí tí awọ ara rẹ̀ ti ń bó ti kú nínú kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó sì tó kìlógíráàmù 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó wà láàyè nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí. Èyí kejì yìí, àti ọmọ tó tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó kú kó tó pé wákàtí 24, ni ìlànà 2009 ní ká máa kà papọ̀. Iye yẹn á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìyá nígbà ìrọbí, ó sì máa ń sọ òótọ́ tí ẹnu kò lè sọ.

Ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà, ẹ wá àkọsílẹ̀ tíátà. Ẹ mú obìnrin márùn-ún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní pàjáwìrì. Aago mélòó ni dókítà kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé e lọ sí tíátà? Aago mélòó ni ọ̀bẹ kàn án? Ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín aago méjèèjì. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń kun aláìsàn lóorun ló wà ní ìlú mìíràn. Nígbà mìíràn epo jẹnẹrétọ̀ ni. Ní ibi púpọ̀, ọkọ ìyàwó ni wọ́n rán lọ wá owó. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, ní apá 20, ti sọ ọ́ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wá ní pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á fún wọn, kẹ́ ẹ wá béèrè ẹni tó ń san owó oògùn tí ìyá kò bá ní lọ́wọ́. Tí kò bá sí ìdáhùn, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yín nìyẹn. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé bánkì ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fíríìjì rẹ̀. Báàgì mélòó ló wà nínú rẹ̀ lónìí?

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ àwọn wákàtí kan sórí. Àwọn tó ṣe ìṣirò bí ìṣòro kọ̀ọ̀kan ṣe ń tètè pa ìyá tí kò rí ìtọ́jú sọ pé ní ìpíndọ́gba, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ máa ń gba wákàtí 2. Ẹ̀jẹ̀ tó dà kí ọmọ tó wáyé, wákàtí 12. Ilé ọmọ tó fà ya, ọjọ́ kan. Gìrì, ọjọ́ 2. Ọmọ tó há, ọjọ́ 3. Kòkòrò àrùn, ọjọ́ 6. Ẹ fi wákàtí 2 yẹn wo ọ̀nà Òkè-Ògùn. Láti abúlé tó jìnnà jù ní wọ́ọ̀dù yín, lóru, nígbà òjò, wákàtí mélòó ni ọ̀kadà tàbí mọ́tò fi ń dé jẹ́nẹ́rà? Ẹ má bi awakọ̀ ìjọba léèrè o, ẹ bi ọlọ́kadà. Tó bá ju 2 lọ, sẹ́ńtà tó wà láàárín ló gbọ́dọ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí wọ́n tó gbéra. Aṣọ kan wà tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù padà sí ọkàn àti ọpọlọ kí wọ́n fi lè gbé e dé ọsibítù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀ níbí. Ẹ bèèrè bóyá sẹ́ńtà yín ní ọ̀kan.

Ẹ ka àwọn tí wọ́n darí lọ sí jẹ́nẹ́rà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí jẹ́nẹ́rà, kẹ́ ẹ wá wọn nínú rẹ́jísítà ibẹ̀. Àwa ṣe èyí nígbà kan: nínú 11, a rí 6. Márùn-ún yòókù, a ní láti lọ sí ilé wọn kí á tó mọ̀. Méjì ti bímọ sí ilé àdúrà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àwọn méjì ti kú, kò sì sí ìwé kankan tó kọ ikú wọn sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Òǹdó kíyè sí irú àlàfo yìí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò. Wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé wọn dé ilé, wọ́n kọ́ ọsibítù ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, wọ́n sì ṣe òfin pé kí wọ́n máa ṣèwádìí ikú abiyamọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n lè máa darí obìnrin wá, dípò kí wọ́n máa lé wọn. Mo gbà pé ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ní ìlú yín náà, ẹ mọ ilé tí àwọn obìnrin ń sá lọ.

Ìṣirò díẹ̀ kù, ẹ ò ní í rò ó tì. Ìlànà 2009 yẹn ní kí àwọn èèyàn 500,000 ní ó kéré tán ibi ìtọ́jú pàjáwìrì 5, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọsibítù tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ 9. Ẹ fi iye èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ yín sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú iye obìnrin tó ń bímọ lágbègbè yín lọ́dún. Ká ní 1,000 ni; a ń retí pé 150 nínú wọn á ní ìṣòro ńlá. Tí gbogbo ilé ìwòsàn yín papọ̀ bá tọ́jú 20 péré, ẹ bèèrè ibi tí 130 wà. Nínú àwọn tó ní ìṣòro tí wọ́n sì dé ọsibítù, kò yẹ kí àwọn tó ń kú tó 1 nínú 100. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú òǹkà yìí. Ọsibítù tí wọ́n ń gbé gbogbo àwọn tó le jù lọ sí lè ní ikú púpọ̀, kó sì jẹ́ pé òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Sẹ́ńtà tó ní òun kò pàdánù ìyá kankan lè jẹ́ ẹni tó ń lé gbogbo wọn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ ó ṣe bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ á pinnu ohun tí wọ́n á sọ fún yín. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni òun nìkan wà lórí iṣẹ́ láti alẹ́ di àárọ̀, tí owó oṣù wọn sì ti pẹ́. Ẹ béèrè pé, "Kí ló ń dí yín lọ́wọ́?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ tún wá obìnrin mẹ́fà tó bímọ níbẹ̀ láìpẹ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn, láìsí nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbá wọn létí, bóyá wọ́n bú wọn, bóyá wọ́n á padà lọ síbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bú lórí ọmọ kìíní kì í tètè wá lórí ọmọ kejì.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má kọ ìwé gígùn. Ẹ kọ ojú ewé kan fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan: nínú iṣẹ́ 7 tàbí 9, èwo ni wọ́n ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, èwo ni wọn ò ṣe, kí ló fà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa ṣe é. Kọ́kọ́rọ́, gílóòbù, páálí oxytocin nínú fíríìjì, ìwọ̀nyí ò nílò Ìbàdàn. Èyí tó bá nílò Ìbàdàn, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì máa béèrè rẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ, ẹ ka rẹ́jísítà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó kù ohun kan tí mi ò fẹ́ kó bá yín lójijì. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní sẹ́ńtà yẹn, ẹ lè fẹ́ ṣí i padà sí ọdún tó kọjá, ẹ ó sì bá ìlà tí orúkọ ìyàwó ọmọ yín wà. Wọ́n lè ti kọ 150 sí i. Wọ́n lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Tí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ìgbìmọ̀ kà á fún yín, ẹ jáde síta kẹ́ ẹ gba atẹ́gùn. Tó bá gbé e, ẹ wo aago tí ọmọ wáyé, ẹ wo aago tí wọ́n pe mọ́tò, ẹ wo ohun tí wọ́n fún un láàárín méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ojú ewé ti sẹ́ńtà náà. Màá bá yín jókòó tì í, a ó jọ kà á.